Sìkíríìnì inú mọ́tò kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù: èwo ló ṣe é lò nínú àwọn tí wọ́n ń tú jù sílẹ̀?

ỌmọOwé:
Okun o ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀dọ̀ àwọn pánẹ́ẹ̀lì bítà kan wà lẹ́yìn ìlú Kàbà níbí, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ọbajánà, ibẹ̀ ni wọ́n ń wọ́ àwọn mọ́tò tó bá ti kọlu tírélà wá, wọ́n á tú u palẹ̀, ẹ́ńjìnnì lọ, ilẹ̀kùn lọ, àwọn tó ń ra irin kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù á wá kó ìyókù. Mo wá rí i pé kò sẹ́ni tó ka sìkíríìnì inú wọn kún, àfi tí rédíò yẹn bá ṣì ń kọrin. Inú àpò sìmẹ́ńtì ni wọ́n ń kó wọn jù sí.

Mo ní Arduino Uno kan, mo ní ESP32, mo tún ní Raspberry Pi 3 tí ẹ̀gbọ́n mi ò lò mọ́, bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré ni gbogbo wọn. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni nǹkan tí màá gbé kọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, tí á máa fi bí bátìrì sólà wọn ṣe kún tó hàn wọ́n, torí wọn kì í mọ̀ pé ó ti ń tán àfi tí inverter bá bẹ̀rẹ̀ sí í han. Bátìrì méjì ni, wọ́n so ó pọ̀ di 24V.

Nínú àpò yẹn mo rí ọ̀kan tí wọ́n yọ lẹ́yìn síìtì Sienna, níbi tí wọ́n ń gbé orí lé, mo rí rédíò onísìkíríìnì irú èyí táwọn èèyàn ń rà fi sí mọ́tò wọn fúnra wọn, gíláàsì 7 íǹṣì kan náà wà tí kò ní nǹkan kan lẹ́yìn ju ríbọ́ọ̀nù lọ, àti ojú dáṣíbọ́ọ̀dù látinú mọ́tò Jámánì kan tó jẹ́ pé sìkíríìnì lódindi ni, kò lọ́wọ́ tó ń yí kankan. Ìyẹn wù mí o, kí n má purọ́. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n rà, iná wo ni màá fún un, ṣé kò ní máa bi mí ní kóòdù?

Ríwáyà Ìsánlú:
Àbúrò, okun. Iṣẹ́ ríwáyà ni mò ń ṣe ní Ìsánlú. Tó bá jẹ́ ìwọ lo máa fọwọ́ ara ẹ yọ ọ́ nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, wo ẹ́ẹ̀bágì ná, ṣó ti bẹ́ àbí kò tíì bẹ́. Èyí tí kò bẹ́ lọ́jọ́ tí mọ́tò kọlu nǹkan ṣì lè bẹ́ lójú ẹni tó ń fi súkúrúdiráfà rọ́ ọ lónìí. Yọ orí nẹ́gétíìfù bátìrì, kó o wá lọ ra omi mu, jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó o tó padà wá fọwọ́ kàn án, torí iná máa ń ṣẹ́ kù sínú bọ́ọ̀dù ẹ́ẹ̀bágì lẹ́yìn tí bátìrì ti kúrò. Sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹ́lò tó o bá rí nítòsí síárìn tàbí lókè ibi tí wọ́n ń kó ìwé mọ́tò sí, tiẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́, fi í sílẹ̀ jẹ́jẹ́, má fi tẹ́sítà oníná gún un láéláé, iná inú tẹ́sítà yẹn tó láti bẹ́ ẹ.

Ní ti kóòdù, èyí tó bá mọ́tò wá láti ilé iṣẹ́ ló ń yọ èèyàn lẹ́nu. Ó máa ń retí kí kọ̀ǹpútà mọ́tò bá a sọ̀rọ̀ kó tó jí, òmíràn á sì bi ẹ́ ní kóòdù torí pé wọ́n ti yọ bátìrì. Rédíò tí wọ́n rà fi sí i lẹ́yìn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wáyà yẹ́lò àti pupa ẹ̀yìn ẹ̀ (yẹ́lò ti rédíò ni mò ń wí o), so méjèèjì pọ̀ mọ́ pọ́sítíìfù 12V, fi fíúsì kékeré sí i, dúdú sí nẹ́gétíìfù, á tàn. Wá wo inú wáyà tó kù, ọ̀kan á wà tí wọ́n kọ BACK tàbí REVERSE sí lára, òun ló ń sọ fún rédíò pé mọ́tò ti wọ jíà ẹ̀yìn. Kan òun náà mọ́ pọ́sítíìfù, kíá lojú ẹ̀ á yí sí ti kámẹ́rà, ibẹ̀ lá sì dúró sí, kò ní bi ẹ́ ní ìbéèrè kankan. Ihò yẹ́lò tí kámẹ́rà ń wọ̀ yẹn ni wàá máa gbé àwòrán tìẹ gbà. Rédíò tí kò lè kọrin mọ́, tí wọ́n ń fún èèyàn ní owó kékeré, ṣì ń ṣe èyí dáadáa. Sọ fún wọn kí wọ́n má gé wáyà mọ́ ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì, èyí ni wọ́n ń ṣe tí ń bí mi nínú.

24V bàbá ẹ, má gbé e fún un tààrà. Mọ́tò kékeré ò mọ̀ ju 12V lọ, tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ ó lè dé 14.4V, sìkíríìnì rẹ̀ gba ìyẹn, àmọ́ 24V á jó o. Má sì tún lọ gbọ́n jù kó o wá fa 12V lára bátìrì kan ṣoṣo nínú méjèèjì, ìyẹn á máa gbẹ ju ìkejì lọ, bó bá yá àwọn méjèèjì ni bàbá ẹ máa pààrọ̀. Step-down, bọ́ọ̀dù kékeré tó ń sọ 24V di 12V, ni kó o rà. Tó bá jẹ́ inú tírélà ni wọ́n ti yọ ọ́, ìyẹn yàtọ̀, 24V ni tírélà ń lò, àwọn kan tiẹ̀ kọ ọ́ sẹ́yìn pé 12V-24V. Irú ẹ̀ ni kó o máa wá, ọ̀nà Ọbajánà lo kúkú wà.

Onítíbí Ẹgbẹ:
Ẹ̀gbọ́n Ríwáyà ẹ ṣeun, ẹ ti mú ọ̀rọ̀ náà kúrò nílẹ̀. Èmi fẹ́ sọ ti gíláàsì oníríbọ́ọ̀nù yẹn nìkan, torí mo mọ̀ pé òun ló máa wọ́n kéré jù, òun náà ló sì ń kó àwọn ọmọ sí wàhálà jù.

ỌmọOwé, bó ti wù kí gíláàsì tóbi tó kó mọ́lẹ̀ tó, ohun tó ń wọ inú ẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Yí i padà, wo síkà ẹ̀yìn, orúkọ rẹ̀ á wà níbẹ̀. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú LQ, Sharp ni, LB sábà máa ń jẹ́ ti LG, AT070 jẹ́ ti Innolux. Kọ orúkọ yẹn sórí panelook.com, wàá rí iye ihò ríbọ́ọ̀nù, bí ojú ẹ̀ ṣe rí, àti irú àwòrán tó ń gbà. Tó bá jẹ́ TTL oníhò 40 tàbí 50, tàbí LVDS (ọ̀nà méjì tí àwòrán ń gbà wọ gíláàsì nìyẹn), a ní bọ́ọ̀dù tó ń gbé e, àwọn tó ní ṣíìpù RTD2660 tàbí RTD2662 nínú, wọ́n ní HDMI wọ́n ní AV, iná 12V ni wọ́n sì ń mu. Àwa onítíbí ní yunifásà bọ́ọ̀dù bíi V59 tí à ń fi sí tíbí tí bọ́ọ̀dù rẹ̀ bá kú, LVDS lòun ń gbé, àmọ́ o gbọ́dọ̀ fi fáìlì tó bá ojú pánẹ́ẹ̀lì yẹn mu sínú ẹ̀ láti orí fláàṣì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwòrán á pín sí méjì tàbí kó funfun báláú.

Tí kò bá ní orúkọ lẹ́yìn, tàbí wọ́n ti ha á kúrò, má rà á, kódà kí wọ́n ní kó o mú un lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ dẹ̀ má fìyà jẹ ríbọ́ọ̀nù o, tó bá ti ya díẹ̀ báyìí, kò sí sódà tó lè mú un.

Báákì-láìtì, iná tó ń tàn lẹ́yìn gíláàsì, wá ńkọ́. Èyí tó bá pẹ́ gan-an, gíló tín-ín-rín bíi ti fúlọ́rẹ́sẹ́ńtì ló wà nínú ẹ̀, mẹ́kúrì wà nínú gíló yẹn, bọ́ọ̀dù kékeré tó ń tàn án sì ń gbé iná tó pọ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún fọ́ọ̀tì. Má fọwọ́ kàn án tó bá ń tàn. Èyí tó jẹ́ LED ló dáa. Ti AT070 tó wọ́pọ̀ yẹn ń gba bíi 9V sí 10V, LED mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n tò nínú ẹ̀, má gbé 12V lé e lórí láìsí ohun tó ń dín in kù.

Àti kó o tó sanwó: gíláàsì tó ti jókòó sínú oòrùn lórí mọ́tò kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù fún ọdún bíi mélòó kan, ike pólaráìsà ojú ẹ̀ ti máa ń yọ bọ́lọ́ǹbọ́lọ́ tàbí kó pọ́n bí epo. Gbé e síbi òjìji kó o tó wò ó dáadáa.

Tíṣà Mopa:
Ẹ kú ìjíròrò o. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ọ̀rọ̀ kan. Ṣé tìtorí nọ́ńbà bátìrì nìkan lẹ fi ń wá sìkíríìnì 7 íǹṣì tí á máa jẹ bátìrì yẹn fúnra ẹ̀? Ọmọ yìí sọ pé bàbá òun kì í mọ ìgbà tó ń tán. Sìkíríìnì OLED kékeré 0.96 íǹṣì tó ń ṣiṣẹ́ lórí I2C (wáyà tí àwọn bọ́ọ̀dù kékeré fi ń bára wọn sọ̀rọ̀) á kọ ọ́ fún un, iná tó ń jẹ ò tó nǹkan. Mi ò ní kó má tú mọ́tò o, mo fẹ́ràn ọmọ tó ń tú nǹkan, àmọ́ kó mọ ìdí tó fi ń ṣe é.

Àti pé ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. Mọ́tò tí wọ́n jí ni wọ́n tètè máa ń tú.

ỌmọOwé:
Òótọ́ ni Mà, ẹ ṣé. Àmọ́ ojú bàbá mi ò ríran dáadáa mọ́, OLED yẹn á kéré jù fún wọn. Láti ibi káńtà ni mo fẹ́ kí wọ́n ti máa rí i.

Ọ̀dọ́ Lọ́kọ́jà:
Ẹ jẹ́ kí n wọlé síbí, mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ bọ̀ látẹ̀ẹ̀kan.

Dáṣíbọ́ọ̀dù Jámánì yẹn, ẹ bá mi sọ fún un kó mójú kúrò níbẹ̀. Irú ìyẹn ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nínú, òun fúnra ẹ̀ ló ń ya ọwọ́ sípíìdì, ohun tí mọ́tò ń fi ránṣẹ́ sí i lórí CAN, wáyà tí àwọn kọ̀ǹpútà inú mọ́tò fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ò ju nọ́ńbà lọ. Àwọn sìkíríìnì àárín mọ́tò ìgbàlódé tún burú jù ú lọ, wáyà tín-ín-rín kan ló ń gbé àwòrán lọ, bíi FPD-Link III ti Texas Instruments tàbí APIX tí BMW ń lò, o máa nílò ṣíìpù tó ń sọ èdè yẹn níwájú kó o tó rí nǹkan kan. Àwọn èèyàn ń ṣe é, àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́. Bí mọ́tò bá ṣe pẹ́ tó ni sìkíríìnì rẹ̀ ṣe ń rọrùn fún wa tó.

Tó o bá fẹ́ gba ọ̀nà ihò yẹ́lò tí ẹ̀gbọ́n Ríwáyà sọ, gbogbo bọ́ọ̀dù tó o ní ló lè sọ èdè ẹ̀. Pi 3 ní àwòrán nínú ihò tí íáfóònù ń wọ̀ lára rẹ̀, wáyà onírin mẹ́rin ni kó o rà, má fi HDMI sí i tó o bá ń tàn án torí HDMI lá gba àwòrán. Tó bá dúdú, gbìyànjú orí pupa tàbí funfun wáyà yẹn dípò yẹ́lò, torí ti kámẹ́rà ayé àtijọ́ tò ó ní ọ̀nà mìíràn. ESP32 á gbé e jáde lórí pin 25, àmọ́ kó jẹ́ ESP32 gan-an, ESP32-S3 àti ESP32-C3 ò ní DAC, ohun tó ń sọ nọ́ńbà di iná àwòrán. Uno ní láíbìrárì TVout (ètò kọ̀ǹpútà tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀ fún wa), pin 9 pẹ̀lú rẹ́sítọ̀ 1k, pin 7 pẹ̀lú 470Ω, méjèèjì pàdé níbi wáyà àwòrán, ó tán. Lẹ́tà ńlá ni kó o lò, irú àwòrán yìí kì í gbé lẹ́tà kékeré, á kàn rú ni.

Àmọ́ ti bàbá ẹ yìí, kí ló dé tó ò fi ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ọlọ́wọ́ ṣe é? Nínú àpò sìmẹ́ńtì yẹn ó dájú pé wọ́n á pọ̀, kò sẹ́ni tó ń rà wọ́n. Lẹ́yìn ọwọ́ epo yẹn mọ́tò ayíwọ́ kékeré kan wà (kì í ṣe mọ́tò tí à ń wà o, èyí tó ń yí ọwọ́ yẹn ni), nínú ọ̀pọ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù X25.168 tàbí X27.168 ni wọ́n ń pè é, iná tó ń jẹ kéré débi pé Uno lè yí i tààrà láti ara pin rẹ̀ láìsí bọ́ọ̀dù mìíràn, láíbìrárì SwitecX25 sì wà fún un. Ó ń yí dé 315 dígírì, ìgbésẹ̀ mẹ́ta fún dígírì kan. Bàbá ẹ wakọ̀ rí àbí? Tí wọ́n bá rí ọwọ́ tó wà lórí E, o ò ní ṣàlàyé fún wọn.

Kó o fi rẹ́sítọ̀ 100k àti 10k pín iná bátìrì kó o tó gbé e wọ Uno, kódà tí sólà bá gbé e dé 29V, ohun tó máa dé pin ò ní kọjá 2.7V. Fi F sí 25.4V, fi E sí 23.6V, ìyẹn fún bátìrì olómi tàbí jẹ́ẹ̀lì tó ti sinmi. Lọ́sàn-án tí sólà ń wọlé ọwọ́ yẹn á máa parọ́, àfi kó o máa wò ó lálẹ́ àti láàárọ̀ kùtù.

Ríwáyà Ìsánlú:
Háà, ọmọ yìí mọ nǹkan. Wá àwọn Camry àti Corolla tó ti kú, wọ́n pọ̀ níbẹ̀ ju ewé lọ, àmọ́ má retí pé gbogbo wọn á ní irú mọ́tò ayíwọ́ tó sọ yẹn, ṣí i wò ná. Má fipá fa ọwọ́ yẹn yọ, fi síbí kékeré méjì gbé e láti abẹ́.

ỌmọOwé:
Mo ti lọ padà. Mo mú ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ọlọ́wọ́ kan, mo ti ṣí i, X27.168 ni wọ́n kọ sẹ́yìn ọwọ́ epo rẹ̀, inú mi dùn. Gíláàsì oníríbọ́ọ̀nù yẹn náà, mo wo síkà ẹ̀yìn ẹ̀: AT070TN92. Mi ò tíì sanwó ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Onítíbí, kí ni kí n ṣe?

Onítíbí Ẹgbẹ:
Rà á. Oníhò 50 ni, 800×480, TTL. Tó o bá fẹ́ ra bọ́ọ̀dù, sọ fún ẹni tó ń tà á gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́ yìí, kó má lọ fún ẹ ní ti oníhò 40, wọn ò bára wọn mu rárá. Fi ríbọ́ọ̀nù yẹn sáàárín páálí méjì kó o tó gùn ọ̀kadà délé.