Tómi fẹ́ kọ́ DO: ṣé kó gba ọ̀nà ọdún méje?

Ìyá Tómi (Maryland): Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Tómi ti wọ 11th grade, dókítà ló ní òun fẹ́ ṣe. Wọ́n sọ fún wa níléèwé pé ọmọ lè ti high school gba àyè yunifásítì àti ti iléèwé ìṣègùn pa pọ̀, àmọ́ DO (dìgírì ìṣègùn osteopathic) ni wọ́n á fún un, kì í ṣe MD (dìgírì dókítà tó wọ́pọ̀). Bọ̀dá mi ní London wá ní osteopath kì í ṣe dókítà, pé wọ́n kàn ń wọ́ni lára ni. Ọkàn mi ò balẹ̀.

Kẹ́mi (DO, Ohio): Ẹ káalẹ́ mà. Bọ̀dá yín ò parọ́, ti London ni wọ́n sọ. Ní Amẹ́ríkà níbí, DO ń kọ oògùn, ó ń ṣiṣẹ́ abẹ, kò sí ìpínlẹ̀ tí kò ti lè gba ìwé àṣẹ. Láti 2020, ètò residency (ìkọ́ṣẹ́ dókítà nílé ìwòsàn lẹ́yìn iléèwé) kan náà ni àwa àti MD jọ ń wọ̀. Ohun tá a fi kún tiwa ni nǹkan bíi 200 wákàtí tá a fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ tún eegun àti iṣan ṣe. Ìyá àgbà mi ní Iléṣà gbọ́, wọ́n ní, "Áà, ato-eegun tó kàwé!" Mi ò jiyàn.

Bàbá Ìbejì (Long Island): Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi wà lẹ́nu rẹ̀. NYIT, yunifásítì kan ní New York níbí, ní ti ọdún méje: mẹ́ta fún dìgírì àkọ́kọ́ dípò mẹ́rin, mẹ́rin fún ìṣègùn. LECOM, iléèwé ìṣègùn kan ní Pennsylvania, náà ní tirẹ̀, MCAT, ìdánwò àtiwọ iléèwé ìṣègùn, kì í sì í ṣe dandan fún àwọn tó bá gba ọ̀nà yẹn. Àmọ́ ọdún kan tẹ́ ẹ máa jẹ lérè yẹn, ọmọ ló ń fi oorun san án.

Àǹtí Ṣadé (Houston): Ẹ gbọ́ tọmọ àbúrò mi. "Bí" ló kún inú ìwé àyè tí wọ́n fún un: bí GPA (ìpíndọ́gba máàkì) bá tó báyìí, bí kò bá ní C. Ó gba C nínú organic chemistry, iléèwé náà, tí mi ò ní dárúkọ, gba àyè wọn padà. A bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní ó wà nínú ìwé. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, lójú ewé kẹta. Àwa la ò kà débẹ̀. Ó ṣe MCAT, ó gba AACOMAS, ibi tí wọ́n ti ń kọ̀wé sí àwọn iléèwé DO, wọlé síbòmíràn, ṣùgbọ́n ọdún kan ti lọ.

Ẹ tún bi iléèwé léèrè: bí Tómi bá yí ọkàn padà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ṣé dìgírì á wà lọ́wọ́ rẹ̀? Níbòmíràn, ẹ̀kọ́ ọdún àkọ́kọ́ ní iléèwé ìṣègùn ni wọ́n fi ń parí dìgírì yẹn. Ẹni tó bá kúrò ṣáájú, òfìfo ló gbé.

Ìyá Tómi: Yéè! Owó ńkọ́?

Kẹ́mi: Ibẹ̀ ló le sí. Láti July 2026, Grad PLUS, ẹ̀yáwó ìjọba fún ẹni tó ń kàwé lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́, ti tì fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yáwó. 50,000 dọ́là lọ́dún ni ìjọba àpapọ̀ máa yá ọmọ ìṣègùn, kò gbọdọ̀ ju 200,000 lọ lápapọ̀. Owó iléèwé nìkan lè ju ìyẹn lọ níbòmíràn, ká tó sọ ilé àti oúnjẹ. Ẹ tún ka owó ìdánwò mọ́ ọn: COMLEX, ìdánwò ìwé àṣẹ àwa DO, jẹ́ ìpele mẹ́ta, ọ̀pọ̀ wa sì tún ń ṣe USMLE, ti àwọn MD, torí pé àwọn residency kan fẹ́ rí i.

Dèjì (Chicago): Ẹni tó wà lórí F-1 (físà akẹ́kọ̀ọ́), ẹ fara balẹ̀. Ọ̀pọ̀ iléèwé DO kì í gba ẹni tí kò ní green card, ẹ̀yáwó ìjọba ò sì kàn yín.

Ìyá Tómi: Citizen ni Tómi, ọpẹ́. A ti ṣí ìlànà iléèwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, òun náà ní kò fẹ́ C. Tómi ń bi mí pé ṣé C+ wà nínú C.

Bàbá Ìbejì: Ẹ bi wọ́n. Email ni kí wọ́n fi dáhùn o, kì í ṣe fóònù.