Ẹ jọ̀ọ́, kí ló rì HMS Hood kíákíá báyẹn?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ọkọ̀ ogun ojú omi, ọ̀rọ̀ Hood yìí ò jẹ́ kí n sùn. Ọkọ̀ táwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò láti 1920, tó rìn yíká ayé ní 1923 sí 1924, kódà ó yà ní Freetown, àfi bí Bismarck, ọkọ̀ ogun Jámánì, ṣe yìnbọn sí i ní 24 oṣù karùn-ún 1941 tó bú gbàmù, èèyàn 1,418 ló wà nínú ẹ̀, mẹ́ta péré ló yè! Wọ́n ní irin dẹ́ẹ̀kì ẹ̀ (pèpéle orí ọkọ̀) ló fẹ́lẹ́, pé ibi tí wọ́n kó ẹ̀tù sí ló gbiná. Tí wọ́n bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ló dé tí wọn ò tún un ṣe kógun tó dé? Ẹni tó bá ní líǹkì ìwádìí ẹ̀ẹ̀mejì tí wọ́n ṣe lọ́dún yẹn, ẹ bá mi fi ránṣẹ́.