Bọ́tìnì A àti B lórí micro:bit: báwo la ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀?
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Alágbàká, l'Ákùúrẹ́ níbí, fẹ́ fi micro:bit (kọ̀ǹpútà kékeré tó ní bọ́tìnì méjì) ka èrò ọkọ̀: bọ́tìnì A á fi ọ̀kan kún un, B á yọ ọ̀kan, méjèèjì pọ̀ á dá a padà sí 0. MicroPython (èdè Python fún irú kọ̀ǹpútà kékeré yìí) la fi ń kọ ọ́. Tá a bá lo is_pressed(), tó ń wò bóyá ìka ṣì wà lórí bọ́tìnì, tí ìka ọmọ pẹ́ díẹ̀ lórí bọ́tìnì, 1 ti di 7 nìyẹn. A fi sleep(500), ìyẹn ìdúró ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, sí i, kò wá rí ìtẹ̀ àwọn ọlọ́wọ́ yíyá mọ́. was_pressed(), tó ń sọ bóyá wọ́n ti tẹ bọ́tìnì láti ìgbà tá a ti bi í kẹ́yìn, dáa jù, àmọ́ tí ọmọ bá tẹ méjèèjì pọ̀, bọ́tìnì A á ti kà kí B tó dé. MakeCode, tí wọ́n ti ń fi búlọ́ọ̀kù to ètò, ní A+B (títẹ méjèèjì pọ̀) tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kóòdù kíkọ ló wu àwọn ọmọ yìí. Kí la lè ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní ká ra bọ́tìnì míì o, kò sówó.