Òdòdó wo ló lè bo ilẹ̀ orí apáta yìí nínú oòrùn?

Ìbéèrè, láti Ọbáńtokò
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tèmi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Apáta ló wà lábẹ́ iwájú ilé wa, iyẹ̀pẹ̀ orí rẹ̀ kò jìn ju ìka ọwọ́ lọ. Oòrùn ọ̀sán ń pa á títí di ìrọ̀lẹ́, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, apáta náà ṣì ń gbóná. Koríko tí a gbìn ti gbẹ kú. Mi ò fẹ́ da kọnkéré síbẹ̀, torí ooru rẹ̀ á tún wọlé bá wa. Òdòdó tó ń fà nílẹ̀ ni mo fẹ́, èyí tí kò ní fa omi kànga wa gbẹ. Abẹ́ igi máńgòrò tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ibòòji díẹ̀ wà níbẹ̀.

Ọlọ́gbà, Ìbarà
Portulaca ni, màmá. Ìbátan pápásan tó ń hù lẹ́bàá ọ̀nà ni. Ewé rẹ̀ kì, inú rẹ̀ ló ń tọ́jú omi sí, ìdí nìyẹn tí oòrùn ò fi rí i gbé ṣe. Oòrùn ló ń mú òdòdó rẹ̀ là. Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú, pípadé ló máa pa dé. Torí náà, ẹ má gbé e sábẹ́ máńgòrò.

Ẹ gé ọ̀mùnú tó gùn tó ìka, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi í sí ibòòji di ọjọ́ kejì kí ojú ibi tí ẹ ti gé e gbẹ. Lẹ́yìn náà kí ẹ kì í bọlẹ̀. Omi àpọ̀jù ló ń pa á. Tí ìdí rẹ̀ bá ń rọ̀, tó ń dúdú, ó ti ń jẹrà nìyẹn.

Ìyá Ìbejì, Àsérò
Òótọ́ lọlọ́gbà sọ. Fún abẹ́ máńgòrò, ẹ wá Arachis pintoi. Ìbátan ẹ̀pà tí à ń sè jẹ ni, òdòdó rẹ̀ láwọ̀ ìyeyè, ilẹ̀ Bùràsíl ló ti wá. Gbòǹgbò rẹ̀ máa ń rí naitrójìn, èyí tó jẹ́ oúnjẹ fún ewéko, gbà láti inú afẹ́fẹ́, kì í béèrè ajílẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an o! Ẹ ṣe ọgbà yí i ká.

Bàbá Àgbà, Ìdí-Aba
Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ gbin wedelia, ẹ má gbà. Ooru ò ní í pa á lóòótọ́, àmọ́ gbogbo oríkèé tó bá ti kan ilẹ̀ ló ń ta gbòǹgbò, títí yóò fi wọ ọgbà aládùúgbò. Àjọ IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo àwọn ohun ẹlẹ́mìí, kọ ọ́ mọ́ ohun ẹlẹ́mìí 100 tó burú jù nínú àwọn tó ń gba ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹ tún ní sùúrù di òjò àkọ́rọ̀ kí ẹ tó gbin ohunkóhun.

Láti Ọbáńtokò
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ọlọ́gbà, ṣé kí n da iyẹ̀pẹ̀ dúdú lé apáta náà?

Ọlọ́gbà, Ìbarà
Ẹ po yanrìn odò mọ́ ọn, ìdajì-ìdajì, kí omi lè máa ráyè jò lọ. Ibi tó bá dà gẹ̀rẹ̀, ẹ to òkúta dí i nísàlẹ̀, torí òjò ńlá kan ṣoṣo lè wọ́ gbogbo rẹ̀ lọ sí gọ́tà. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ mú ike dání wá sí Ìbarà, màá gé ọ̀mùnú pupa àti funfun fún yín.