Krómósómù 54 lára àrọ̀ odò: àmúlùmálà ni àbí síláìdì?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka krómósómù ẹja (okùn àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì), ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Àrọ̀ (Clarias gariepinus) láti odò Ògùn ni mo ń yẹ̀ wò. 56 ló yẹ kí n rí, mo sì rí i lára àwọn kan, ṣùgbọ́n lára àwọn mìíràn, 54 ló ń jáde jù.

Heterobranchus longifilis, ẹja mìíràn tó bá àrọ̀ tan, ní 52, ọmọ tí òun àti àrọ̀ bá bí sì máa ń ní 54. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn ẹja ń sìn. Tí àgbàrá bá ya adágún, odò ni wọ́n ń bá lọ. Ẹ̀rù èyí ń bà mí gan-an nítorí àrọ̀ ìbílẹ̀ wa. Àmọ́ mi ò rí lẹbẹ ọlọ́ràá tí Heterobranchus máa ń ní lẹ́yìn wọn, krómósómù sì lè sọnù lórí síláìdì (gíláàsì tí a ń tẹ́ sẹ́ẹ̀lì sí).

Sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín ni mo ń lò: colchicine tó ń dá pípín sẹ́ẹ̀lì dúró, KCl 0.075 M (omi iyọ̀ tó ń mú sẹ́ẹ̀lì wú), methanol mẹ́ta sí acetic acid kan, lẹ́yìn náà aró Giemsa. Mo ti dín àkókò inú KCl kù, mo ti ń kán sẹ́ẹ̀lì sórí síláìdì láti ibi tí kò ga. 54 ò kúrò níbẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì mélòó ni kí n kà lára ẹja kan kó tó dájú pé àmúlùmálà ni? Tí mo bá sì tò wọ́n ní méjì-méjì, kí ni kí n wò tí yóò yà á sọ́tọ̀ sí àrọ̀ tí krómósómù rẹ̀ kàn sọnù?