Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ká fi òwú so ìka kẹfà ọmọ mi ni àbí ká dúró?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin òbí wa. Ọmọkùnrin tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ní ìka kẹfà lọ́wọ́ méjèèjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọńdinrín. Tọwọ́ òsì kàn rọ̀ dirodiro ni, kò léegun, àmọ́ tọwọ́ ọ̀tún ní eegun àti èékánná, ó tiẹ̀ máa ń ká a mọ́ àwọn ìka tó kù tó bá ń mu ọyàn. Ìyá ọkọ mi ní Olúgbódi ni, bàbá tó bí àwọn náà ní in, ká má fọwọ́ kàn án. Nọ́ọ̀sì kan ní ká fi òwú so ó á gbẹ á sì já fúnra ẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ó lè kẹ̀, tàbí kó ku kókó síbẹ̀ tí á máa dun ọmọ. Dókítà tó ya X-ray ní eléegun yẹn máa gba iṣẹ́ abẹ, ká jẹ́ kó tó ọmọ ọdún kan kára ẹ̀ lè gba oògùn oorun dáadáa. Kò burú lójú mi o, ìrora ọmọ ni mi ò fẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bí irú ẹ̀, ṣé ká so tòsì báyìí, àbí ká dúró kí wọ́n ṣe méjèèjì pọ̀?

Ẹ má bínú pé ó gùn, ẹ ṣé gan-an ni.