Fíìmù tí mo wò nígbà ìyanṣẹ́lódì, àti àríyànjiyàn èmi àti bàámi

Ẹ̀kọ́ nípa ìtàn ni mò ń kà ní yunifásítì. Nígbà tí àwọn olùkọ́ wa da iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2022, láti oṣù Kejì títí wọ oṣù Kẹwàá, ilé la wà. Mò ń bá màámi tajà lọ́sàn-án, tó bá di alẹ́ a ó wo fíìmù. Bàámi ló máa ń yan èyí tí a ó wò, torí òun ló ń ra dátà.

Saworoidẹ la fi bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ Túndé Kèlání tó jáde ní 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìtàn rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jù mí lọ ti mọ̀ ọ́n lórí. Lápìtẹ́ jọba Jogbo, ó sì kọ̀, kò gba gbẹ́rẹ́, torí ẹni tó bá gbà á ti bá ìlú mulẹ̀, kò ní lè kówó jẹ bó ṣe wù ú. Ìlù saworoidẹ tí fíìmù náà ń jẹ́ àti adé idẹ ni gbogbo èèyàn máa ń rántí. Èmi ò rí ti ìlù rò, àwọn ìjòyè ni mò ń wò. Wọ́n mọ̀ pé ọba wọn ò gba gbẹ́rẹ́. Àwọn agégẹdú ń kówó wá sáàfin, àwọn náà ń gba tiwọn níbẹ̀, wọ́n sì tún ń kí kábíyèsí. Ará ìlú tí igbó wọn ń tán lọ lójú wọn ni ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ wá.

Baba Ọ̀pálábá, èyí tí Adébáyọ̀ Fálétí ṣe, ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti bàámi. Bàbá yìí mọ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n òwe ló fi ń sọ ọ́. Mo ní kí ló dé tí kò la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀? Bàámi ní ẹni tí ò gbé ayé ológun rí ò lè mọ ohun tí òwe wà fún. Ó ní nígbà ayé Abacha, èèyàn á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò kó tó dá sí ọ̀rọ̀ ìjọba nínú dánfó, àti pé ọdún tí ológun palẹ̀ mọ́ ni fíìmù yìí jáde. (Ẹ rántí pé sọ́jà ni Lágata tó gba adé náà.) Mo gbà fún un dé ibì kan. Ṣùgbọ́n òwe tí ẹni tí a ń pa á mọ́ ń fi rẹ́rìn-ín, tí ẹni tó yẹ kó túmọ̀ rẹ̀ ò sì túmọ̀ rẹ̀, kí ló fẹ́ tún ṣe nínú ìlú? Bàámi ní kí n lọ sùn.

A wo Ti Olúwa Nilẹ̀ náà. Ó dùn, Baba Wándé pa wá lẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹni tó ta ilẹ̀ òrìṣà fún elépo bẹntiróòlù mọ ohun tó ń ṣe, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

October 1 ti Kúnlé Afọláyan ló gba oorun lójú mi. Ẹni tí ò bá tíì wò ó, ẹ jọ̀ọ́, kó fo ìpínrọ̀ yìí. Ọdún 1960 ni, òmìnira ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹnì kan ń pa àwọn ọmọbìnrin ní Àkọ́tè, ìjọba sì rán ọlọ́pàá kan, Danladi Waziri, lọ wádìí. Ọmọ ọba ni apànìyàn náà, àlùfáà òyìnbó kan ló bà á láyé jẹ́ nígbà tó wà nílé ìwé. Ọmọ ọba yìí ni gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi ò lè gbàgbé Àgbẹ́kọ̀yà, àgbẹ̀ tó fàáké kọ́rí pé ọmọ òun ò ní lọ síléèwé. Màámi ti ń bú u látìbẹ̀rẹ̀ pé olórí kunkun ni. Àṣé ìyà kan náà ló jẹ òun náà lọ́wọ́ àlùfáà yẹn. Ó mọ̀, ó dákẹ́, ó kó ọmọ tirẹ̀ pamọ́. Mi ò lè bá a wí. Ta ni ì bá sọ ọ́ fún nígbà yẹn tí wọ́n á gbà á gbọ́? Àwọn tó ní kí Waziri gbé òtítọ́ mì kí ayẹyẹ òmìnira má bàa dàrú ni inú bí mi sí.

A ti wọlé padà kí Ẹlẹ́ṣin Ọba ti Bíyí Bándélé tó dé orí Netflix. Ìtàn tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ló wà nídìí rẹ̀: Aláàfin Síyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní ìparí 1944, òyìnbó ò jẹ́ kí Ẹlẹ́ṣin, ìjòyè tí àṣà ní kó bá ọba kú, bá a lọ, ọmọ rẹ̀ ló kú dípò. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń jiyàn bóyá àṣà náà dára. Ohun tí èmi rí ni pé kò sẹ́ni tó panu mọ́ níbẹ̀. Ìyálọ́jà sọ ọ́ sí Ẹlẹ́ṣin lójú, Olúńdé ọmọ rẹ̀ náà sọ ọ́ sí i lójú. Ẹ wá fi wé àwọn olóyè Jogbo.

Àwa náà ní tiwa. Olùkọ́ kan ń ta hándáòtì fún wa. Ẹni tí ò bá rà á, máàkì rẹ̀ á ṣàdédé sọnù. Gbogbo wa la mọ̀. Lórí WhatsApp a ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, stíkà rẹ̀ wà lóríṣiríṣi. Mo bi wọ́n níbẹ̀ bóyá Ọ̀pálábá la fẹ́ máa ṣe títí a ó fi jáde. Àwọn kan ní mo ti wo fíìmù jù. Ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ló ní ká kọ lẹ́tà, ká to orúkọ wa yípo bí òbìrí, kí wọ́n má lè mọ ẹni tó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. A kọ ọ́. Àwọn tó fọwọ́ sí i ò tó ìdajì wa. Ó ti dé ọwọ́ olórí ẹ̀ka, a ò tíì gbọ́ èsì.

Mo sọ ọ́ fún bàámi lórí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní orúkọ tí ẹ tò yípo kí wọ́n má bàa mọ ẹni tó sọ̀rọ̀, ṣé òwe náà kọ́ nìyẹn? Mo ní rárá o, orúkọ wa hàn níbẹ̀. A ṣì ń bá a fà á.